“Oyo Province” lára bàálù ogun: ṣé kí n jẹ́ kí oníférémù gé àwòrán yìí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Kent. Bàbá òyìnbó kan tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́ta papòdà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fún mi ní àwòrán bàálù ogun tó máa ń wà lókè ibùsùn rẹ̀. Wọ́n kọ DL-Z sí ẹ̀gbẹ́ bàálù náà, wọ́n tún kọ “Nigeria Oyo Province” sí i lára. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ẹnu yà mí gan-an. Nísàlẹ̀, ẹni méjì fi pẹ́ńsùlù buwọ́ lù ú, 212/850 sì wà níbẹ̀. Oníférémù àdúgbò wa ní òun á gé etí funfun rẹ̀ kúrò, òun á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kó lè tẹ́jú. Ṣé kí n gbà? Ṣé ojúlówó ni? Bàbá mi nílé ni mo fẹ́ gbé e lọ fún.

Ìdáhùn

Ẹ má gbà fún un o. Tó bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ gbà á padà lónìí. Etí funfun yẹn ni ìbuwọ́lù àti nọ́ńbà wà. Bó bá gé e, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ò yàtọ̀ sí àwòrán kàlẹ́ńdà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yà yín lẹ́nu. Ayàwòrán ò ṣeré. Nígbà ogun Hitler, káàkiri ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń dá owó ra bàálù ogun. £5,000 ni wọ́n dá lé Spitfire kan, irú bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn tó bá sì dá a pé, wọ́n á kọ orúkọ wọn sára bàálù. Nítorí owó tí Nàìjíríà dá, wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ wa pe odidi ikọ̀ bàálù ogun kan, 91 Nigeria Squadron. Hawkinge, ní Kent níbẹ̀, ni ikọ̀ yìí wà, tí wọ́n ń ṣọ́ ojú òkun tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. DL ni àmì ikọ̀ náà, Z sì jẹ́ ti bàálù yẹn nìkan. Lọ́dún 1942, Bobby Oxspring tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń wa DL-Z yìí. Oyo Province ayé ìgbà yẹn ò sì mọ sí ìlú Ọ̀yọ́ nìkan, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún irú àwòrán yìí ṣe, síbẹ̀ orí mi wú nígbà tí mo ka ìbéèrè yín.

Ní ti pé ṣé ojúlówó ni, ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí ẹ fi wo ìbuwọ́lù náà. Àwòrán fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí tóótòòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi lára rẹ̀. Tí ìbuwọ́lù náà bá ní tóótòòtó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ òun náà. Pẹ́ńsùlù gidi kì í ní in. Ẹ gbé ìwé náà dagun sí iná, ẹ máa rí i tí ojú pẹ́ńsùlù ń dán fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí èéfín ti mọ́ lára. Ẹ má fi ìka tàbí rọ́bà pa á wò o, kì í padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ àwòrán náà. Ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ fi wé ọdún tí ẹni tó buwọ́ lù ú kú. Nínú àwọn awakọ̀ bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, Oxspring kú lọ́dún 1989, Douglas Bader lọ́dún 1982, Johnnie Johnson lọ́dún 2001. Adolf Galland, awakọ̀ bàálù ogun Jámánì, kú lọ́dún 1996. Ẹ lè rí orúkọ Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé kan náà, kó má ṣe yà yín lẹ́nu: Galland àti Robert Stanford Tuck, awakọ̀ bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá ara wọn jà nínú ogun yẹn, di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọdún ìtẹ̀jáde bá gbẹ̀yìn ikú, ẹ má tíì pè é ní ayédèrú. Àwọn kan ti buwọ́ lu ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì máa ń fi ìbuwọ́lù òkú sínú ihò tí wọ́n gé sára páálí lábẹ́ àwòrán. Ìwé ẹ̀rí tó bá a wá ló máa là á yé yín, torí náà ẹ bi àwọn ọmọ bàbá náà bóyá ó wà nínú ẹrù rẹ̀.

212/850 ni pé ẹ̀dà igba ó lé méjìlá ni tiyín nínú ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta. Nọ́ńbà kékeré ò sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ohun tó ń gbówó lé e ni ẹni tó buwọ́ lù ú, àti bí ayàwòrán bá fi pẹ́ńsùlù ya bàálù kékeré kan sí etí rẹ̀. Ẹ má retí owó ilé o. Àwọn tó ń rà á nígbà kan ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ti lọ, àwọn ọmọ wọn ló ń tà á.

Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí, tí oníférémù kan ti lẹ̀ mọ́ páálí. Bí mo ṣe ń ṣí i, ìyẹ́ bàálù ń bá gúlúù lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ti gé dànù, “/500” ló kù. N ò rí i tún ṣe. Ẹ sọ fún oníférémù yín pé páálí tí kò ní ásíìdì lẹ fẹ́, kó fi pélébé ìwé Japan méjì gbé e rọ̀ lókè, kó fi sítáàṣì àlìkámà lẹ̀ wọ́n, torí omi lásán ló máa ń tú u. Kí gíláàsì má kan ìwé náà, kó sì jẹ́ èyí tó ń dí ìtànṣán oòrùn. Tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wá ẹlòmíràn.

Nílé, ẹ má kọ́ ọ sí ògiri tí òjò ń gbá láti ìta, ọ̀rinrin á jẹ́ kí àmì pupa bí irin tó dógùn-ún yọ lára rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ bàbá tí ẹ tọ́jú náà síbẹ̀, ọdún tí àwọn ọmọ rẹ̀ fún yín, àti ibi tó máa ń gbé e kọ́. Ẹ fi sínú àpò ìwé, kí oníférémù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù náà.