Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí a so yìgì: ṣé kí n lọ fi ẹ̀rọ fa awọ ojú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹni ọdún 49 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ọ̀fà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti ń wọ́ wá sílẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n mi náà ti dẹ̀. Ilé ìṣaralóge kan ní Tanke, n'Ílọrin, sọ pé àwọn ní ẹ̀rọ HIFU tí yóò fa gbogbo rẹ̀ sókè láìfi abẹ kàn mí, ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n ní bí èmi àti ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 24, bá jọ wá, owó ẹnì kan làwọn máa gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí a so yìgì ọmọ náà. Mo ti ń lo ìpara tó ń mú ara pọ́n láti bí ọdún márùn-ún, bí ìyẹn bá kan ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé kò ní pa mí lára? Kí ni mo fẹ́ fi mọ ibi tó dára? (Alhájà kan, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Alhájà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Àṣeyè la ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí yìgì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń lé yín: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó. Ẹ̀rọ yìí kì í fa awọ bí ẹni ń fa okùn ṣòkòtò. Ńṣe ló ń dá ooru sábẹ́ awọ, tí ara á wá máa hun kọ́lájìn tuntun síbẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó ń mú awọ le. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ bí òfì ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ. Ti ara náà kò yá. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni àyípadà fi ń hàn, ó sì lè máa tẹ̀síwájú títí di oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ní ojú yín á ti yí padà kí ẹ tó délé, wíwú ọjọ́ kìíní ló ń tà fún yín, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà bíi pé ó kún. Bó bá ṣì wù yín, ẹ jẹ́ ká ṣe ìnáwó tán ná.

Ìró ni ẹ̀rọ náà ń lò, èyí tó ga kọjá ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, ọmọ ìyá èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọmọ inú oyún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n kó tiwa yìí jọ sójú kan ṣoṣo, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi dígí kó oòrùn jọ títí ewé gbígbẹ á fi rú èéfín. Ó gba òkè awọ kọjá láìjó o, ó wá gbóná nísàlẹ̀ tó ìwọ̀n 60 sí 70 Sẹ́síọ̀sì, ní ojú tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ tí mò ń wí kò jìn: mìlímítà 1.5, 3 tàbí 4.5. Èyí tó jìn jù nínú wọn ń dé ìpele tí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń dì mú bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀bẹ fa ojú sókè.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá awọ dúdú lè gbà á. Ó lè gbà á. Lésà, ẹ̀rọ tó ń lo ìmọ́lẹ̀, ló máa ń wá àwọ̀ dúdú kiri kó tó gbóná. Ìró kò mọ dúdú yàtọ̀ sí pupa. Ṣùgbọ́n bó bá ṣèèṣì jó wa, ojú ibẹ̀ á dúdú, á sì pẹ́ kó tó ṣí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: ṣé ẹni tó di ẹ̀rọ mú ń rí ìsàlẹ̀ ibi tó ń yìn sí? Awọ ojú èèyàn kò nípọn bákan náà. Mìlímítà 4.5 tó bọ́ síbi tó yẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ olójú kíkún lè bọ́ sórí egungun lójú ẹni tó gbẹ. Etí egungun àgbọ̀n ni iṣan tó ń darí igun ẹnu gbà kọjá. Bí ooru bá kàn án, ẹnu á wọ́ sápá kan. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ẹ fojú inú wo fọ́tò yìgì. Ti ẹyinjú tún le ju ìyẹn lọ: wọn kò gbọdọ̀ gbé e wọ inú egungun tó yí ẹyinjú ká. Àwọn dókítà ojú ti rí àwọn tí ẹyinjú wọn bàjẹ́ nítorí pé aláìmọ̀kan gbé e sórí ìpéǹpéjú.

HIFU kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ kan o. Bí ìgbà tí èèyàn bá ní "ọkọ̀" ni. Ẹ kò tíì mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ Márúwá ni àbí Toyota. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ultherapy, tí FDA, àjọ tó ń ṣe bíi NAFDAC nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2009 fún gbígbé ibi irun òkè ojú sókè, tí wọ́n sì tún fọwọ́ sí fún ọrùn àti abẹ́ àgbọ̀n ní 2012, ní ojú tó ń fi ìsàlẹ̀ awọ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kó tó yìn. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nígboro kò ní ojú yìí. Mi ò ní gbogbo aláìlójú ló burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ abẹ́ awọ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀.

Obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá lẹ́yìn tó ti ṣe é níbì kan. Ìlà gbọọrọ mẹ́ta mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé àbàjà ni mo kọ́kọ́ pè é. Jíjó ni. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi pa á lójú ti gbẹ, orí ẹ̀rọ sì dagun, ni ooru tó yẹ kó wọlé bá dúró lókè. Ó ní òun pariwo, wọ́n ní kí òun mú un mọ́ra, pé oge kò rọrùn.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìrora, torí àwọn tó ń polówó kì í sọ ọ́. Yóò dùn yín. Tó bá jẹ́ nísàlẹ̀ ló ti ń dùn, bí ẹni fi nǹkan gbígbóná gún egungun fẹ́rẹ́, ìyẹn kò burú. Bó bá ń ta lókè awọ bí epo gbígbóná, tàbí tó ṣán lọ sí ètè bíi iná mànàmáná, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kó dáwọ́ dúró. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi jẹ́ẹ̀lì kún un, á tún orí ẹ̀rọ gbé kalẹ̀. Ẹ má gba kí wọ́n fún yín ní oògùn tí yóò mú yín sùn fọnfọn, nítorí ẹnu yín ni ìṣọ́ yín.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ ka orúkọ àti orílẹ̀-èdè tó ti wá, kí ẹ béèrè ìwé NAFDAC rẹ̀. Orí ẹ̀rọ náà ní iye ìgbà tó lè yìn kó tó tán; àwọn kan máa ń dọ́gbọ́n sí i kó lè máa yìn lọ, òmíràn ò tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ibi tí owó ti já wálẹ̀ jù, ẹ fura síbẹ̀. Ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ń sọ pé wọ́n lè ṣòwò ni, kò sọ pé wọ́n lè tọ́jú èèyàn. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ti ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹlòmíì ni yóò di ẹ̀rọ mú, dókítà ta ló ń ṣọ́ ọ, ṣé ó sì wà nínú ilé?

Ìpara yẹn kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Alhájà, ó ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kì í sì í tètè jiná lójú bẹ́ẹ̀. Àfàìmọ̀ kó jẹ́ òun gan-an ló ń jẹ́ kí awọ yín dẹ̀. Ẹ má dédé jù ú nù lálẹ́ òní o, ojú lè bínú, kó pọ́n kó sì máa ta yín. Ẹ gbé agolo rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin kò jìn sí yín jù. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà lára yín, bí wọ́n bá ti gún yín lábẹ́rẹ́ tó ń kún ojú rí, tàbí bí àpá yín bá máa ń wú. Bí ẹ bá kọ ilà, ojú ilà náà á ti sọ ìyẹn fún wa: bó bá jiná pẹrẹsẹ, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. (Ó tì o, HIFU kì í pa ilà rẹ́. Wọ́n ti bi mí.)

Ẹ tún dúró níwájú dígí, kí ẹ fi ìka méjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè sẹ́yìn díẹ̀, bí ìwọ̀n ìdajì ìka. Bí ìyẹn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀rọ lè ṣe yín láǹfààní. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fà á dé ẹ̀bá etí kí ojú tó rí bí ẹ ṣe fẹ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ, ẹ rọra, nítorí ooru yìí lè jẹ ọ̀rá tó kù lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ojú wá dà bí ẹni tó ṣàìsàn dìde.

Ti ọmọ yín kò gba àlàyé gígùn. Ẹni ọdún 24 kò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fà. Ẹ fi owó ẹnì kan yẹn kún owó gèlè rẹ̀.