Àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Lára Aṣọ Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọdé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé àdúgbò wa fẹ́ rán mayó tuntun tí ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò wà láyà rẹ̀. Díẹ̀ ni a óò ṣe, àwọn òbí kan sì ti ń sọ pé àwọn yóò tọ́jú tiwọn pamọ́. Ẹnì kan ní kí a ṣáà mú àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó tọ́? Báwo ni aṣọ náà kò ṣe ní tètè bàjẹ́?
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kétu*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó rán an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ti íntánẹ́ẹ̀tì. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó gbẹ́ ẹ àti agbo tó ń gbé e jó, Kétu sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti fìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé, múlẹ̀. Ó dùn mí pé ọmọ Kétu yóò máa wá a lójú fóònù nígbà tí Ìyáláṣẹ, olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti àwọn agbẹ́gilére wà nítòsí. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ béèrè èyí tó ṣeé fi hàn ní gbangba àti èyí tí kò yẹ láyà ọmọdé, kí ẹ tó wá ayàwòrán tí yóò yà á ní tuntun, tí ẹ óò sì sanwó fún.

Kí ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ọsirélíà, nínú AFL, ìdíje bọ́ọ̀lù irú ti Ọsirélíà, ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń wọ aṣọ tí àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó kọ́kọ́ ń gbé ilẹ̀ náà, ṣe ọnà sí, ní àkókò tí wọ́n fi ń bọlá fún Sir Doug Nicholls, agbábọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, àwọn òbí a sì máa ra ti ọmọdé. Síbẹ̀, ní 2020, àsíà àwọn ọmọ onílẹ̀, tí Harold Thomas yà ní 1971, kò sí lára aṣọ wọn, nítorí pé AFL kọ̀ láti bá ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ títẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ṣe àdéhùn. Ó di 2022 kí ìjọba tó ra ẹ̀tọ́ àsíà náà, kí gbogbo ènìyàn lè máa lò ó.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ fi ìka kan àwòrán náà. Bí ó bá ga sókè díẹ̀, ọ̀dà orí aṣọ ni, ooru àti ìká ni yóò bà á jẹ́. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí ibòji, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù kan ojú àwòrán. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ká sí méjì, tí ìlà funfun là gba àárín ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà kọjá bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí àwòrán, kí ẹ wá rọra yí i bí ẹní.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi aṣọ náà gbá bọ́ọ̀lù, kó tó kéré sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọdún náà àti orúkọ ẹni tó ya ọnà rẹ̀ sínú ìwé kékeré, kí ẹ fi í sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ náà.