Èsì: Sọ́fítíwíà iléeṣẹ́ ńlá ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sẹ́ńsọ̀?

Àbúrò mi, o béèrè èwo ni kí o mú fún ìkọ́ṣẹ́ ìwádìí rẹ nínú sọ́fítíwíà iléeṣẹ́ ńlá àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sẹ́ńsọ̀ (àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń wọn nǹkan bí ooru, tí wọ́n sì ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́), o sì ní o kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kí o lọ.

Wò ó báyìí: MQTT, ìlànà kan tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ fi ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́. Bí o bá lo QoS 1, ìpele rẹ̀ tó ń rí i pé ìsọfúnni dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ìsọfúnni kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí sọ́fítíwíà tó ń gbà á kò bá dá èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ mọ̀, á kà á ní ìlọ́po, àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ á sì dàrú. Ìbéèrè ìwádìí gidi nìyẹn.

Ti ẹ̀rọ kò le rárá. Contiki-NG, sọ́fítíwíà tó ń darí irú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké bẹ́ẹ̀, ní Cooja, ètò tí a fi ń ṣe àfarawé wọn, nínú; ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà rẹ lo sì ti máa ṣe àfarawé sẹ́ńsọ̀ bíi 20. Wọn iye àkókò tí rédíò wọn fi wà ní títàn, torí rédíò ló sábà máa ń jẹ bátìrì jù. Kọ àbájáde rẹ sí ojú ìwé kan, kí o fi í mọ́ lẹ́tà tí o máa kọ sí olùkọ́ tó ń ṣe ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kọ́kọ́ ka ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ jáde.