Bí òbí lásán ṣe lè ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́

Àbúrò, o ní o kì í ṣe tíṣà, o ò sì sí nínú òṣèlú, pé báwo ni irú rẹ ṣe lè dá sí bí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa yóò ṣe rí lọ́la. Fi Àbújá sílẹ̀ ná. Lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò rẹ, kí o bi í pé ìgbà wo ni SBMC wọn, ìyẹn ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń bá wọn bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, ń ṣèpàdé. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni mò ń wí o. Nínú SBMC, òbí, tíṣà, aṣojú baálẹ̀, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń jókòó. Àwọn ló ń kọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ nílò sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń wò ọ́ láìfèsì, á jẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà ti sùn, iṣẹ́ sì ti délẹ̀ fún ọ nìyẹn.

Ní tiwa, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń pèpàdé. Ta ni yóò wá? Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nìkan là ń rí, ọ̀rọ̀ wa ò sì ju kíkun géètì lọ. Mo rojọ́ títí kí wọ́n tó gbà pé ká sún un sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kọ́kọ́ nawọ́: “Ọmọbìnrin mi kì í mu omi títí yóò fi délé, torí kò síbi tí yóò tọ̀ sí.” Kò sẹ́ni tó dárúkọ géètì mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin la fi ṣáájú nínú ìwé.

Ẹ fọwọ́ sí ìwé náà, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tí ẹ máa mú bọ̀. Láìsí òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí i. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Bí iṣẹ́ àkànṣe kan bá dúró láàárín méjì, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ta ni kọngílá àti èló ni wọ́n san. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn pé kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fòpin sí àríyànjiyàn yẹn ní 2025, ó ní ó kan gbogbo wọn.

Má bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jà o. Mo mọ èyí tó ń fowó àpò ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kò rọrùn fún un láti kọ̀wé ta ko àwọn ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè kọ ọ́.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọ́ ṣe alága, kọ̀ jàre. Akọ̀wé ni kí o gbà, torí ọwọ́ akọ̀wé ni gbogbo ìwé ń wà.