Èsì: Bí Hong Kong ṣe yí ìlànà padà fún àwọn ará Vietnam

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ṣe ni Hong Kong ṣàdédé ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Vietnam tó ń wọkọ̀ ojú omi wá. Rárá o. Láti 1979, ẹni tó bá ti gúnlẹ̀ ti di olùwá-ibi-ìsádi nìyẹn, torí àdéhùn ni pé Amẹ́ríkà, Kánádà àtàwọn mìíràn á máa kó wọn lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́: àwọn tó ń kó wọn lọ ń dín kù. Ní 1982, wọ́n sọ àgọ́ tí wọ́n ń kó wọn sí di àtìpa, ẹni tó wà níbẹ̀ ò lè jáde, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó ń bọ̀. Wọ́n ṣáà ń bọ̀ ni.

Ìgbà tí Hong Kong àti London (Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń jọba lórí Hong Kong nígbà yẹn) forí korí tán, wọ́n ní láti ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 1988, kálukú á ṣàlàyé ohun tó lé e kúrò nílé. Tó bá jẹ́ òṣì ni, tí kì í ṣe inúnibíni, á padà. Rédíò ń fi èdè Vietnam kéde rẹ̀ léraléra, débi pé àwọn ará ìlú tí ò gbọ́ èdè náà há ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “bắt đầu từ nay” (ìyẹn “láti ìsinsìnyí lọ”), sórí.

Èmi ò bá wọn jiyàn lórí àyẹ̀wò. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ti ìparí 1989, tí wọ́n kó èèyàn 51 sọ́kọ̀ òfuurufú tipátipá nídàájí, ó di Hanoi, olú ìlú Vietnam.