Kí ló dé tí Messi ò fi dúró?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, Messi gbà kí wọ́n gé owó ẹ̀ sí ìdajì ní 2021, kí ló tún dé tí Barcelona ò fi lè dá a dúró?

Ìdáhùn: Àbúrò, La Liga, àwọn tó ń darí líìgì Sípéènì, ò gbà ni o. Ní Sípéènì, wọ́n máa ń wo owó tó ń wọlé fún kílọ́ọ̀bù àti gbèsè ọrùn ẹ̀ kí wọ́n tó sọ iye tó lè ná lórí owó oṣù, tó bá ti kọjá ẹ̀, wàhálà ni láti forúkọ pléyà sílẹ̀. Laporta, tó jẹ́ ààrẹ Barcelona nígbà náà, fúnra ẹ̀ sọ pé gbèsè wọn lé ní bílíọ̀nù kan yúrò, owó oṣù sì ju owó tó ń wọlé lọ (ẹ gbọ́ ná!), ìdajì yẹn ò wá tu irun kankan. Kódà Piqué, pléyà wọn, ní láti gé owó tiẹ̀ kí Depay tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá tó ríbi gbá bọ́ọ̀lù.