Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Darwin, Ìlú Etí Òkun Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Wọ Òkun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a kàn fẹnu ba Darwin díẹ̀ ni, ìlú kékeré tí ewéko bò, tó wà lókè téńté ní àríwá Ọsirélíà, tó jẹ́ pé Jakarta ní Indonéṣíà gan-an sún mọ́ ọn ju Sydney lọ, ni ìbéèrè bá ya wọlé bí ẹni pé gbogbo yín ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo fọ́tò Darwin, òkun yẹn mọ́ bíi gíláàsì, yanrìn rẹpẹtẹ, èèyàn kankan ò sí níbẹ̀ tó máa dí mi lọ́wọ́. Mo ti ra ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ méjì, àbí kí n fi ẹyọ kan kún un? (Àbúrò yín ní Peckham)

Àbúrò, ṣé o ò tiẹ̀ bi ara ẹ ìdí tí èèyàn kankan ò fi sí níbẹ̀? Ooru ń mú wọn, òkun rèé, wọ́n jókòó sórí koríko wọ́n ń wò ó. Ọ̀ọ̀nì ló ni omi yẹn. Kì í ṣe ọ̀ọ̀nì tó mọ ààyè ara ẹ̀ nínú odò o, èyí tó ń gbé inú omi iyọ̀ ni, akọ ẹ̀ lè gùn ju mítà 5 lọ. Láti 1971 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kẹ́nikẹ́ni má pa wọ́n mọ́, wọ́n wá bí sí i wọ́n rẹ̀ sí i, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dẹ pàkúté fún wọn nínú omi tó yí ìlú ká, lọ́pọ̀ ọdún wọ́n ń kó tó 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá wá ní o ò bẹ̀rù ọ̀ọ̀nì, ó dáa, ẹran omi olóró kan tí wọ́n ń pè ní jellyfish wà níbẹ̀ láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù karùn-ún, ara ẹ̀ ò yàtọ̀ sí omi, o ò ní rí i, àmọ́ tí àwọn okùn ara ẹ̀ bá wé mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó lè pààyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wàá fi rí ìgò fínígà létí òkun, òun ni wọ́n ń dà sójú ibi tó bá ta. Kì í ṣe fún sàláàdì.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ omi tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ òkun, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Waterfront, ẹ̀rọ ló ń bá wọn ru ìgbì sókè, òkun gidi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Àwọn èèyàn yìí kan náà ló tún ń sanwó ní Mitchell Street láàárín ìgboro pé kí wọ́n ti àwọn mọ́ inú nǹkan bí àgbá tó mọ́ kedere, kí wọ́n sọ àwọn kalẹ̀ sínú omi lọ bá ọ̀ọ̀nì fún ìṣẹ́jú 15. Cage of Death ni wọ́n ń pè é, wọn ò tiẹ̀ tàn yín. Tó o bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, lọ wo Sweetheart ní mùsíọ̀mù wọn. Akọ ọ̀ọ̀nì ni o, orúkọ yẹn má tàn ẹ́, mítà 5.1, láyé 1970 sí 1979 ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ló máa ń gé jẹ, kò pa ẹnì kankan, ẹ́ńjìnnì ló ń bá jà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú un lọ́dún 1979 ló kú sí wọn lọ́wọ́. Ìyẹn ti gbẹ, kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan.

Ṣé lóòótọ́ ni pé agolo bíà ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀? Ọkọ mi ló sọ ọ́, mi ò sì gbà á gbọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ bíà. (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ìyá Ìbejì, ẹ forí jì í lórí tòní yìí. Láti 1974 ni wọ́n ti ń ṣe é létí òkun Mindil, agolo òfìfo ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, wọ́n á wọnú ẹ̀, wọ́n á máa fi wa omi ìje. Òfin mẹ́wàá ló wà, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ rì sómi kú. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ọ̀ọ̀nì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dẹ́rù ba àbúrò wa ńkọ́. Omi kan náà ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mu ohun tó wà nínú agolo yẹn.

Oṣù wo ló dáa jù láti lọ? (B., Abẹ́òkúta)

Bíi tiwa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ní, wọn ò ní ìgbà òtútù. Ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá, ni gbogbo àlejò ń lọ, ìgbà yẹn lọjà Mindil máa ń ná nírọ̀lẹ́ Thursday àti Sunday, tí ìlú á gbé àga lọ sétí òkun láti lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní July 1, ẹ di etí yín, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún tí wọ́n gbà kí aráàlú yin báńgà nìyẹn, wọ́n á sì yìn ín bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ìgbà tó le ni oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Òjò á ṣú, ara á máa lẹ̀, gbogbo èèyàn á máa kanra, òjò ò ní rọ̀. Àsìkò máńgòrò ló bọ́ sí, ni wọ́n bá ń di ẹjọ́ ru máńgòrò, wọ́n ní wèrè máńgòrò ló ń ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà òjò á dé, mànàmáná á máa kọ yẹ̀rì lórí òkun, ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ewé á wá jókòó sínú ṣáláńgá onífọ́ọ̀ṣì yín (ẹ tanná kẹ́ ẹ tó jókòó o). Èmi fẹ́ràn ìgbà òjò yẹn ju ẹ̀ẹ̀rùn àwọn àlejò lọ, àmọ́ mi ò ní fi ṣeré, torí ìjì ńlá máa ń jà nígbà yẹn. Òru Kérésì 1974 ni ìjì tí wọ́n ń pè ní Tracy wọ ìlú, nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá ilé tó ti bà jẹ́, wọ́n kó ju 30,000 èèyàn jáde. Èyí tó pọ̀ jù lára ilé tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, ẹ̀yìn ìjì yẹn ni wọ́n kọ́ ọ.

Bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé mi, wọn kì í jẹ oúnjẹ tí ò ta. Kí ni màá ṣe? (Ọmọ Bàbá)

Mú wọn lọ sọ́jà Parap láàárọ̀ Saturday, kó o ra laksa fún wọn, ọbẹ̀ tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè tí ata kún inú ẹ̀ ni, àárọ̀ kùtùkùtù làwọn ará ìlú ń tò fún un nínú ooru yẹn. Àwọn ará Éṣíà pọ̀ níbẹ̀, wàá rí ẹni tó ń fi odó àti ọmọ odó gún ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n pẹ̀lú ata, bàbá á rò pé iyán ni. Lọ́jọ́ Sunday kẹ́ ẹ dé Rapid Creek, ilá wà, ejìnrìn náà wà, èso ẹ̀ tóbi, wọ́n sì ń fi í sebẹ̀ jẹ ni o, wọn ò fi ṣe àgbo. Bàbá á sọ̀rọ̀ lórí ejìnrìn yẹn títí ẹ fi máa padà sílé, múra sílẹ̀.

Ṣé Darwin onísáyẹ́ǹsì yẹn ló tẹ ìlú náà dó? (Tísà)

Rárá o, kò débẹ̀ rí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Beagle tí òun náà ti wọ̀ rí ló débẹ̀ ní 1839, wọ́n bá fi orúkọ ọ̀rẹ́ wọn sọ èbúté náà. Àwọn Larrakia ló ti ni ilẹ̀ yẹn látìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ di bá a ṣe ń sọ yìí.

Mo ní léèsì tuntun àti gèlè tí mo fẹ́ fi ya fọ́tò lọ́hùn-ún. (Sísí, Ìkẹjà)

Sísí, ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, àwọn ọ̀gá wọn náà. Tó o bá wé gèlè lọ sí Deckchair Cinema, tí wọ́n ti ń wo fíìmù níta gbangba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹ máa pariwo, àdán á sì máa fò kọjá lórí gbogbo yín. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó o dì, pẹ̀lú oògùn ẹ̀fọn. Tó bá jẹ́ dandan ni fọ́tò yẹn, ya á láago méje àárọ̀ kí òógùn tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì jìnnà sétí omi.